Ẹ Bi Wá: Ìpàgọ́ Pẹ̀lú Ẹnìkejì Tó Ní Ìpèníjà Ara

Lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa lórí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré, àgọ́ tí èèyàn lè rà ni púpọ̀ nínú wọn sì ń béèrè. A máa dé orí àgọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ti là á mọ́lẹ̀ pé kì í ṣe ọ̀sán ló ń lé tọkọtaya padà sílé kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé. Òru ni. Ẹni tí kò rí bẹ́ẹ̀dì gùn, tí kò rí ibi tọ̀ sí, tí òtútù ń mú láìfura, kò ní fẹ́ sun òru kejì níbẹ̀. Ẹ ò ní bínú tí ìdáhùn wa bá ń padà sórí bẹ́ẹ̀dì ṣáá.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjàǹbá ọkọ̀ ló mú kí ara baálé mi kú láti ìbàdí sísàlẹ̀. Kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara ni wọ́n ń lò, àmọ́ apá wọn lágbára dáadáa. A fẹ́ lọ pàgọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, àwa méjèèjì péré. Irú àgọ́ wo ni kí n rà? — Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ẹ jẹ́ kí owó àgọ́ wà lápò ná, Ìyá Ìbejì. Téèpù ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ ní kí wọ́n jókòó sórí kẹ̀kẹ́, lórí tìmùtìmù tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́, kí ó tẹ̀ bó ṣe máa ń tẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé ibi tí ìdí wọn gúnlẹ̀ sí. Kẹ̀kẹ́ púpọ̀ máa ń wà ní nǹkan bíi 48 sí 53 sẹ̀ǹtímítà. Iye tí ẹ bá rí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí òun ni ẹ ó fi ra bẹ́ẹ̀dì, bẹ́ẹ̀dì ni ẹ ó sì fi ra àgọ́.

Bẹ́ẹ̀dì aláká tí wọ́n ń tà fún ìpàgọ́ sábà máa ń kúrú. Òmíràn ò ju 15 sẹ̀ǹtímítà lọ, èyí tó ga díẹ̀ lè tó 40. Láti kẹ̀kẹ́ bọ́ sórí rẹ̀ kò ṣòro, ara á kàn wálẹ̀ fúnra rẹ̀ ni. Wàhálà ń bẹ láàárọ̀, nígbà tí èjìká ò tíì nà, tí èèyàn gbọ́dọ̀ fi apá nìkan gbé gbogbo ara padà sókè. Tí bẹ́ẹ̀dì bá fi ju sẹ̀ǹtímítà 5 kúrú sí kẹ̀kẹ́, ẹ fi igi gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Kí ẹ gbẹ́ ihò tí kò jìn púpọ̀ sójú igi kọ̀ọ̀kan kí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì lè wọnú rẹ̀, kó má baà yọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń yí lóru. Tó bá jẹ́ irú èyí tí irin gbọọrọ ni ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ tẹ́ pákó tó gùn tó o sábẹ́ irin náà, kí ẹ sì so méjèèjì pọ̀. Fóòmù tí ẹ máa tẹ́ lé bẹ́ẹ̀dì wà lára ìwọ̀n o. Ẹ tẹ́ ẹ, kí wọ́n jókòó lé e, kí ẹ tó tún wọ̀n ọ́n.

Bẹ́ẹ̀dì aláká tún ní ìwà burúkú kan: tí èèyàn bá jókòó sí etí rẹ̀, apá kejì á fò sókè, onítọ̀hún á sì balẹ̀. Ohun tó ń fà á ni pé ẹsẹ̀ rẹ̀ wọnú ju etí rẹ̀ lọ. Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró síta gan-an ni kí ẹ wá, tí wọ́n sì kọ sára rẹ̀ pé ó lè gbé nǹkan bí ìlọ́po méjì ìwúwo wọn, torí pé ojú kan ṣoṣo ni gbogbo ìwúwo máa ń bọ́ sí nígbà tí wọ́n bá ń gorí rẹ̀. Tí ẹ ò bá rí irú ẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín ẹ jókòó sí apá kejì títí wọ́n á fi dùbúlẹ̀ tán.

Láti sún bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á nílò pákó dídán tó gùn tó 60 sí 70 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì ní ẹ̀gbẹ́, kí imú rẹ̀ dà díẹ̀ sí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ fà á sẹ́yìn díẹ̀ kí táyà kékeré iwájú lè yí síwájú. Èyí ni kì í jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ dojú dé nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ síwájú. Ẹ ti bíréèkì méjèèjì. Ẹ yọ ìgbápálé tó wà ní ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí pákó wọ abẹ́ itan dáadáa. Ní ilé, bíréèkì nìkan tó. Nínú àgọ́, rọ́bà ilẹ̀ máa ń tutù nínú ìrì, táyà tí bíréèkì dì mú yóò sì sún tòun ti bíréèkì. Ẹ tẹ́ rọ́bà tó rí gbàgìgbàgì sábẹ́ táyà ẹ̀yìn méjèèjì.

Fóòmù 8 sí 10 sẹ̀ǹtímítà sàn ju mátírẹ́ẹ̀sì oníafẹ́fẹ́ lọ. Afẹ́fẹ́ máa ń súnkì bí òru bá ṣe ń tutù, tó bá fi máa di ìdájí, ìdí wọn ti kan irin, wọn ò sì ní mọ̀ ọ́n lára. Egbò ìdí ni ó máa fà, egbò yìí sì lè gba oṣù kó tó jinná. Tìmùtìmù oníafẹ́fẹ́ tó wà lórí kẹ̀kẹ́ náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Láràárọ̀, kí ẹ ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìdí wọn níbi tí egungun ti yọ jù: ó yẹ kí àlàfo bíi sẹ̀ǹtímítà 1.5 sí 2.5 ṣì wà láàárín egungun àti ìsàlẹ̀ tìmùtìmù. Tí ibi tí ẹ ń lọ bá ga sókè gan-an bí orí òkè, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ máa wú ni, ẹ ó sì jó díẹ̀ jáde. Iye wákàtí tí wọ́n fi ń yí ara padà nílé, ẹ má ṣe fi kún un níta. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, wákàtí méjì-méjì ni.

Ó wá ku àgọ́. Kẹ̀kẹ́ máa ń fẹ̀ tó 60 sí 70 sẹ̀ǹtímítà, ọwọ́ tó ń yí táyà sì ń wá àyè, nítorí náà kí ẹnu ọ̀nà tó 90. Kí kẹ̀kẹ́ tó lè yípo, ó nílò 150 sẹ̀ǹtímítà lóròó àti níbùú. Fi bẹ́ẹ̀dì méjì kún un, ilẹ̀ àgọ́ yín ò ní ṣeé ṣe kó kéré sí mítà 3 lọ́nà méjèèjì. Àgọ́ tí àwọn tó ń tà á ń pè ní ti èèyàn mẹ́fà tàbí mẹ́jọ nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu. Èyí tí ògiri rẹ̀ nà ró ni kí ẹ mú, torí àgọ́ tó rí bí igbá tí a da ojú rẹ̀ dé ń jẹ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn: ọ̀pọ̀ àgọ́ ló ní ìdènà omi tó ga tó 10 sẹ̀ǹtímítà níbẹ̀, táyà iwájú ò sì lè gun ún. Ẹ ra èyí tí ìdènà rẹ̀ ṣeé tú kó lè sùn lélẹ̀, kí ẹ fi èèkàn kàn án mọ́lẹ̀, kí ẹ sì fi rọ́bà bò ó. Ẹ má ṣe tẹ́ ẹní tàbí kápẹ́ẹ̀tì tí kò dì mọ́lẹ̀. Ó máa ń ká mọ́ táyà kékeré.

Ẹ sun òru kan nínú rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé kí ẹ tó jáde nílé. Ohun tí ẹ gbàgbé kò ní jìnnà sí yín.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n ní ibùdó tí a lọ dára fún akàndá ẹ̀dá. Bí a ṣe débẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ ló kún ilẹ̀. Táyà iwájú kẹ̀kẹ́ ìyàwó mi rì, mo ti í títí ẹ̀yìn fi ń ro mí. Kí ni mo ṣe tí kò dáa? — Ọkọ Ẹlẹ́yìn-Ríro

ÌDÁHÙN: Ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé ẹ gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́. “Ó dára fún akàndá ẹ̀dá” kò ní sẹ̀ǹtímítà nínú. Nígbà mìíràn, ẹ béèrè pé: báwo ni ẹnu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe fẹ̀ tó? Àtẹ̀gùn mélòó ló wà, mélòó ni gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan? Mítà mélòó ni láti ibi ìgbọ́kọ̀sí dé àgọ́, àti láti àgọ́ dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀? Kí ló bo ilẹ̀ láàárín wọn? Ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò ilẹ̀kùn náà pẹ̀lú téèpù tí wọ́n nà kọjá rẹ̀. Tí wọ́n bá ní àtẹ̀gùn kan péré ni, tó ga ní 15 sẹ̀ǹtímítà, ẹ fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀: pákó ìgòkè 180 sẹ̀ǹtímítà lẹ nílò nìyẹn kí ẹnì kan lè gòkè láìsí ìjàdù.

Ẹ̀ṣẹ̀ kejì ni títì. Táyà iwájú kéré, ó tún tín-ín-rín, bẹ́ẹ̀ sì ni bí ẹ ṣe ń tì í, ṣe ni ẹ ń tẹ̀ ẹ́ bọnú òkúta. Ẹ yí kẹ̀kẹ́ padà kí ẹ máa fà á lẹ́yìnlẹ́yìn, kí táyà ńlá ṣíwájú. Lórí ilẹ̀ tó rọ̀ díẹ̀, ẹ dà á sẹ́yìn lórí táyà ńlá kí ti iwájú má kan ilẹ̀ rárá, tí ìyàwó yín bá ti gbà láti ṣe bẹ́ẹ̀, kí bẹ́líìtì sì wà ní ìdí rẹ̀. Tí ẹ bá ń lọ ìpàgọ́ léraléra, ẹ ra táyà kan ṣoṣo tí wọ́n ń so mọ́ ibi ìgbẹ́sẹ̀lé, tó ń gbé táyà kékeré méjèèjì kúrò nílẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí a lè náwó sí lórí kẹ̀kẹ́, òun la máa kọ́kọ́ mú.

Àwọn kan máa ń dín afẹ́fẹ́ inú táyà kù kó lè tẹ́ lórí iyanrìn. Ó ń ṣiṣẹ́ fún táyà tó fẹ̀. Táyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gba afẹ́fẹ́ púpọ̀ ni kí ẹ má dán an wò pẹ̀lú rẹ̀, rímù á gé túùbù. Ewu kejì kì í hàn: bíréèkì kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara, ara táyà ló ń tẹ̀. Tí táyà bá rọ̀, bíréèkì á máa dún pé òun ti dì, kò sì di nǹkan kan. Ẹ dá afẹ́fẹ́ padà kí ó tó gbìyànjú àtibọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì.

Níbi tó bá dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ̀yìn ni kí kẹ̀kẹ́ fi sọ̀kalẹ̀, kí ẹ̀yin dúró nísàlẹ̀ rẹ̀, kó má baà yọ̀ bọ́ síwájú. Nínú àpò yín: túùbù ìpààrọ̀ kan fún táyà ńlá, kan fún kékeré tó bá jẹ́ oníafẹ́fẹ́, ohun ìlẹ̀túùbù, irin ìyọtáyà, sípánà àti kọ́kọ́rọ́ Allen (irin onígun mẹ́fà tí a fi ń yí bóòtù) tó bá bóòtù kẹ̀kẹ́ yẹn mu. Ẹ wo ibi tí a ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí túùbù náà kí ẹ tó ra páǹpù, torí èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ wà, èyí tó sanra bíi ti mọ́tò náà wà.

ÌBÉÈRÈ: Rọ́bà ni ọkọ mi fi ń fa ìtọ̀. Wọ́n ní tí a bá débẹ̀ àwọn ò ní mu omi púpọ̀ kí ìtọ̀ má baà yọ àwọn lẹ́nu. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? — Adúnnì

ÌDÁHÙN: Kò dáa rárá. Ìtọ̀ tó ki ni kòkòrò àrùn fẹ́ràn, ó tún ń fa òkúta inú àpò ìtọ̀, ìgbẹ́ á sì gan. Kí wọ́n mu iye tí wọ́n ń mu nílé, kí wọ́n kàn dín in kù ní wákàtí méjì tó ṣáájú oorun. Kí wọ́n fa ìtọ̀ ní wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, kó má ju 500 mílílítà lọ lẹ́ẹ̀kan. Tó bá ń jù bẹ́ẹ̀, àkókò ti jìnnà jù síra.

Ẹ ka rọ́bà. Ká ní wọ́n ń lo márùn-ún lójúmọ́, tí ẹ sì máa lo ọjọ́ mẹ́ta, ó jẹ́ 15. Ẹ fi ìdajì kún un, ó di 23, kí ẹ sì pín in sínú báàgì méjì tí kò jọ sí ojú kan. Ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa.

Ibi tí àrùn ti ń wọlé jù níta nìyí: ọwọ́ tó ń yí kẹ̀kẹ́ nínú ẹrẹ̀ ni ọwọ́ tó ń mú rọ́bà. Jẹ́ẹ̀lì ìpakòkòrò kì í yọ ẹrẹ̀, orí rẹ̀ ló máa ń gbẹ sí. Ọṣẹ àti omi mímọ́ ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́ dé abẹ́ èékánná, kí jẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ lé e. Kí wọ́n máa wọ ìbọ̀wọ́ tí wọ́n bá ń yí táyà. Ẹ so kẹ́ẹ̀gì omi kékeré tó ní ẹnu ẹ̀rọ mọ́ òpó àgọ́ ní gíga tí ọwọ́ wọn á tó láti orí kẹ̀kẹ́.

Tó bá jẹ́ báàgì ìtọ̀ ni wọ́n fi ń sùn, ó gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ju àpò ìtọ̀ ara wọn lọ, kí ìtọ̀ má padà. Lórí bẹ́ẹ̀dì tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15, kò síbi tí ẹ máa so ó sí. Ẹ rí bí a ṣe tún padà sí bẹ́ẹ̀dì.

Fún ìgbẹ́, àgọ́ kékeré ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n ń tà kò gba kẹ̀kẹ́. Ẹ fi aṣọ dá igun àgọ́ ńlá sọ́tọ̀, kí ẹ gbé àga ìgbọ̀nsẹ̀ oníbókẹ́ẹ̀tì sí i, kí pákó pẹlẹbẹ kan sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó má rì. Àkókò tí wọ́n ń ṣe é nílé gan-an ni kí wọ́n máa ṣe é níbẹ̀. Ìfun kò mọ̀ pé ìsinmi lẹ wá.

ÌBÉÈRÈ: Ọrùn ni ìyàwó mi ti ṣèṣe, apá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ díẹ̀. Dókítà ti fọwọ́ sí i pé a lè lọ. Kí ni kí n máa ṣọ́ jù? — Ọlọ́mọge Kò Dàgbà

ÌDÁHÙN: Ooru, òtútù, àti ẹ̀fọ́rí kan tí kì í ṣe ẹ̀fọ́rí.

Ẹni tí okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ bàjẹ́ lókè kì í sábà làágùn nísàlẹ̀ ibi tó ti ṣèṣe, òógùn ló sì ń tu ara. Ẹ gbé ìgò tó ń fín omi dání, kí ẹ máa fín in sí ojú, ọrùn àti apá rẹ̀, kí ẹ sì máa fẹ́ ẹ. Kò gbọ́dọ̀ sùn lọ́sàn-án nínú àgọ́ tí oòrùn ń ta sí. Inú rẹ̀ máa ń gbóná ju ìta lọ. Ní òru, ara rẹ̀ ò ní gbọ̀n láti sọ fún un pé òtútù ti dé. Ẹ má kàn bi í. Tẹ̀mómítà ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Tí ara bá ti tutù ju 35 lọ, ewu ti wọlé. Rọ́bà omi gbígbóná wà láti mú bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ yọ ọ́ kúrò kí ó tó wọlé sùn, nítorí ó lè jó o títí awọ á fi bó láìmọ̀. Nídìí iná, kí kẹ̀kẹ́ jìnnà tó mítà 2. Irin ìgbẹ́sẹ̀lé máa ń gbóná kí ẹnikẹ́ni tó kíyè sí i, nítorí náà ẹ máa fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀fọ́rí yẹn: tí ibi tó ti ṣèṣe bá wà ní egungun ọ̀pá ẹ̀yìn kẹfà níbi àyà tàbí lókè rẹ̀, ohun tó ń ni ín lára nísàlẹ̀, tí kò mọ̀, lè mú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru lójijì. Orí á máa lù ú kìkìkì, ojú á pọ́n, òógùn á bò ó láti ọrùn sókè, imú á dí. Ẹ gbé e jókòó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹsẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀. Ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ẹ tú ohunkóhun tó bá fún un: bẹ́líìtì, bàtà, okùn báàgì ìtọ̀, síìpù àpò ìsùn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ohun tó fà á. Ìtọ̀ ló sábà máa ń jẹ́: rọ́bà ti ká, báàgì ti kún, tàbí àkókò ìfatọ̀ ti kọjá. Tí kì í bá ṣe ìtọ̀, ó lè jẹ́ ìgbẹ́. Tí kì í bá ṣe ìgbẹ́, awọ ara ni: òkúta inú bàtà, kòkòrò, aṣọ tó wé pọ̀ sábẹ́ itan. Ẹ máa wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀-díẹ̀. Nọ́ńbà òkè tó jẹ́ tirẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ dá lè jẹ́ 90 sí 110 péré, nítorí náà 140 tí ẹlòmíràn ò kà sí lè jẹ́ ewu ńlá fún un. Tó bá ti fi 20 sí 40 ga ju tirẹ̀ lọ, ẹ kà á sí. Tí kò bá rọlẹ̀, tàbí tí ẹ ò rí ohun tó fà á, ẹ pe ọkọ̀ ìtọ́jú pàjáwìrì. Ẹ ti kọ ọ̀rọ̀ yìí sí káàdì kan kí ẹ tó kúrò nílé, pẹ̀lú iye ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ẹ fi lé ẹni tó bá dé lọ́wọ́. Kí dókítà yín náà sọ oògùn tí ẹ lè mú dání fún un.

ÌBÉÈRÈ: Àrùn rọpárọsẹ̀ mú apá òsì ọkọ mi. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn. Wọ́n ní kí n má sọ àwọn di ọmọ ọwọ́, àwọn fẹ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ wo ni mo lè yọ̀ǹda? — Ìyàwó Àgbà

ÌDÁHÙN: Púpọ̀, tí ẹ bá ti bá wọn wá ọwọ́ kejì. Èèkàn tí wọ́n ń fi òòlù kàn ń fẹ́ ọwọ́ méjì. Èyí tó ní ẹyọ bíi bóòtù, tí wọ́n ń yí wọlẹ̀, ọwọ́ kan tó o, wọ́n sì lè jókòó sórí àpótí kékeré ṣe é. Síìpù kì í ṣí fún ọwọ́ kan nítorí pé aṣọ ń bá a lọ. Ẹ fi èèkàn di ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn mọ́lẹ̀ gírígírí, kí ẹ so okùn 10 sẹ̀ǹtímítà mọ́ orí síìpù, ó parí. Fún gígé nǹkan, ẹ kan ìṣó méjì tí kì í dípẹtà gba abẹ́ pákó ìgé-nǹkan kí ẹnu wọn yọ sókè. Wọ́n á fi ohun tí wọ́n ń gé gún un, aṣọ tútù lábẹ́ pákó kò sì ní jẹ́ kó yọ̀. Ìkòkò gbígbóná ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ wọn. Kò sí ọgbọ́n tí ọwọ́ kan dá sí ìyẹn.

Ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì sí ọ̀nà tí wọ́n á fi máa dìde lápá ọ̀tún. Okùn àgọ́ ni ọ̀tá ẹsẹ̀ tó ń wọ́lẹ̀: ẹ so aṣọ funfun mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jáde má ní okùn kankan. Àwọn kan wà tí àìsàn yìí mú lápá òsì tí ojú wọn kì í ka ohun tó bá wà lósì mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú náà ń ríran. Tí ọkọ yín bá wà lára wọn, iná àti sítóòfù kò gbọ́dọ̀ wà lósì wọn. Ẹ má fi apá òsì fà wọ́n dìde láé, ó lè yẹ̀ kúrò léjìká.

ÌBÉÈRÈ: Ìyàwó mi ò ríran. Báwo ló ṣe máa dá lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lóru láìjí mi? — Bàbá Ṣọlá

ÌDÁHÙN: Okùn. Ẹ ta á láti ẹnu ọ̀nà àgọ́ dé ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní gíga ìbàdí rẹ̀, kí ó le, kí ẹ sì ta kókó kan sí mítà 2 kó tó débẹ̀ àti sí ibi tó bá ti yà. Tí ọ̀nà bá gba àárín àgọ́ àwọn ẹlòmíràn, okùn ò ṣeé ṣe, ẹ máa jí. Jẹ́ kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ pa àgọ́ pẹ̀lú yín. Ẹni tó bá fọwọ́ kan gbogbo èèkàn nígbà tí wọ́n ń wọlẹ̀ kì í kọsẹ̀ lára wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má gbé nǹkan kan kúrò ní àyè rẹ̀ láìsọ fún un, ìbáà ṣe bàtà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí imú ni ọkọ mi fi ń sùn. Bátìrì tó tó kí ni a máa gbé fún òru méjì? — Olùkàwé

ÌDÁHÙN: Ẹ wo iye wáàtì tó ń jẹ. Ká ní 30 ni, tí wọ́n sì ń sùn fún wákàtí mẹ́jọ: 30 lọ́nà 8 jẹ́ 240. Ẹ fi 12 pín in, torí bátìrì fóòtì 12 ni, ó di 20 Ah (òṣùwọ̀n tí wọ́n ń kọ sára bátìrì) lóru kan, 40 fún méjì. Bátìrì olómi ásíìdì kì í fẹ́ kí a lò ó ju ìdajì lọ, nítorí náà èyí tó jẹ́ 80 Ah ni kí ẹ gbé. Ti lithium, 50 tó. Ẹ pa apá tó ń gbé omi gbóná nínú ẹ̀rọ náà, òun ló ń jẹ iná jù. Wáyà fóòtì 12 tí ilé iṣẹ́ ṣe fún ẹ̀rọ náà ni kí ẹ rà, má ṣe gba inú ínfátà, ó ń fi iná ṣòfò. Sítóòfù tàbí jẹnẹrétọ̀ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ àgọ́: carbon monoxide, gáàsì olóró tó ń jáde lára wọn, kò ní òórùn, ẹ̀rọ náà á sì máa fà á wọ imú wọn tààrà.

ÌBÉÈRÈ: Lóru, ọkọ mi já bọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì nínú àgọ́. Ẹsẹ̀ wọn ò ṣiṣẹ́, wọ́n sì wúwo jù mí lọ. Bí a ṣe rí wọn gbé dìde, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Kí ni kí n ṣe tó bá tún ṣẹlẹ̀? — Ìyá Tóbi

ÌDÁHÙN: Ẹ má gbé wọn. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ fi fóòmù sábẹ́ ìdí wọn, kí ẹ sì da aṣọ bò wọ́n, torí ilẹ̀ tútù ti ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo ẹsẹ̀. Egungun ẹsẹ̀ tí a kò fi rìn mọ́ máa ń fúyẹ́, ó lè kán láìdùn wọ́n. Tí ẹsẹ̀ kan bá wú, tó gbóná, tó wọ́, tàbí tó kúrú ju èkejì lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀ kí ẹ pe ìrànlọ́wọ́. Bákan náà tí orí tàbí ọrùn bá gbá nǹkan.

Tí gbogbo rẹ̀ bá dá, ẹ to àtẹ̀gùn: àpò aṣọ tí a ká le dáadáa, tó ga bíi 15 sẹ̀ǹtímítà, lẹ́yìn rẹ̀ àpótí bíi 30, lẹ́yìn rẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Kí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí i. Kí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì ti ara wọn gorí àpò, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n gorí àpótí, kí wọ́n tún sinmi, kí wọ́n tó gorí bẹ́ẹ̀dì. Iṣẹ́ tiyín ni kí ẹ di eékún wọn mú kí ó ká sókè, kí ẹ sì di bẹ́líìtì ìbàdí mú nígbà tí wọ́n bá ń gòkè. Ẹ má di apá mú. Ẹ jọ kà á: “ení, èjì, ẹ̀ta,” kí ẹ tó sún. Tí apá wọn ò bá gbé e, kí wọ́n sun orí fóòmù nílẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, tí ẹ bá ti dì wọ́n mọ́ òtútù, tí ẹ sì ń yí wọn.

Láàárọ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí, ìbàdí àti gìgísẹ̀ wọn. Lára awọ dúdú, ibi tí egbò ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kì í sábà pọ́n; ó lè dúdú ju ibi tó kù lọ tàbí kó ní àwọ̀ elésè-àlùkò, ó lè gbóná tàbí kó le lábẹ́ ìka. Tí ó bá ṣì wà bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30 tí nǹkan kan ò tẹ̀ ẹ́, wọn ò gbọ́dọ̀ jókòó tàbí dùbúlẹ̀ lé ibẹ̀ títí yóò fi lọ. Tó bá jẹ́ ìdí ni, ẹ tú àgọ́ lọ́jọ́ náà.